Ẹ̀kọ́ Lórí Àtúnṣe Fọ́tò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ó ṣòro láti wọ pálọ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá kí ènìyàn má bá fọ́tò lára ògiri. Òmíràn jẹ́ ti ìgbéyàwó, òmíràn jẹ́ ti ìsìnkú àgbà, òmíràn sì jẹ́ ti ẹni tí ó ti lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ohun mìíràn tí wọn yóò fi rántí ojú rẹ̀. Òjò, ikán àti oòrùn kì í sì í ṣàánú fọ́tò. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ àtúnṣe fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà ni à ń gbé e lọ.

Ní Àjàngbádì, ní Òkókómáíkò àti ní Ìbà, ní apá Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọ̀dọ́ ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè ṣe aláìní fọ́tò pélébé fún ìwé. Ọjà Àlàbá, níbi tí a ti ń ta oríṣiríṣi ẹ̀rọ, wà ní agbègbè kan náà. Àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Àwọn mìíràn a sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, irú Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí ó ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ìtẹ̀wé.

Ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń gé etí fọ́tò, tí a sì ń mú un mọ́lẹ̀, lè rò pé òun ti mọ iṣẹ́ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni ẹ̀kọ́ gíga nínú iṣẹ́ yìí dúró lé: èkíní, kí ènìyàn lè tún fọ́tò ṣe láì ba ti àtilẹ̀wá jẹ́, èkejì, kí ó mọ ibi tí àtúnṣe parí sí àti ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó TI WÀ KÍ KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ DÉ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ àwọn ayàwòrán ní àtúnṣe. Nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò nígbà àtijọ́, ọ̀gá a máa fi ọwọ́ tàbí páálí ṣíji bo apá kan bébà. Ibi tí ó bá ṣíji bò a máa mọ́lẹ̀ sí i. Ibi tí ó bá sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ sí a máa dúdú sí i. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó di olókìkí nítorí fọ́tò irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ní Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni fọ́tò ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó wádìí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó wà láàyè, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, tí yóò fi dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà ní ìgbà kìn-ín-ní, a ó sì wọ ti obìnrin fún un ní ìgbà kejì. Ayàwòrán mìíràn a máa sapá láti pa ojú ibi tí fọ́tò méjèèjì ti pàdé rẹ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí.

Ẹ̀KỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: OHUN TÍ FỌ́TÒ JẸ́

Fọ́tò inú kọ̀ǹpútà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín pọ̀. Bí a bá wò ó lókèèrè, ojú ènìyàn ni. Bí a bá sún mọ́ ọn, ẹyọ àwọ̀ kéékèèké ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní píksẹ́lì. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó wà nínú ẹyọ kan: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 255. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 0, dúdú ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 255, funfun ni. Gbogbo àtúnṣe, bí ó ti wù kí ó ṣòro tó, kò ju kí a yí nọ́ńbà wọ̀nyí padà lọ.

Kí fọ́tò tó lè dán mọ́nrán lórí bébà, ó yẹ kí ẹyọ píksẹ́lì 300 wà nínú íńṣì kan. Nítorí náà, fọ́tò tí ó jẹ́ íńṣì 4 sí 6 gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì 1,200 sí 1,800. Ìdí nìyí tí àwòrán tí ó ti kéré láti ilẹ̀ fi máa ń di bàìbàì bí a bá fẹ́ fi ṣe fọ́tò ńlá.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: MÁ FỌWỌ́ KAN TI ÀTILẸ̀WÁ

Ẹ̀dà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. A kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé irú fáìlì tí à ń pè ní JPEG máa ń sọ díẹ̀ nù nínú ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un ṣe tí a sì tún un fi pamọ́. TIFF tàbí PSD ni ó yẹ kí a lò títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÌPELE ÀTI ÌBOJÚ

Thomas Knoll àti John Knoll, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni wọ́n ṣe Photoshop, tí ó jáde ní ọdún 1990. Ní ọdún 1994 ni a fi ìpele kún un. Ẹni tí kò bá ní owó Photoshop lè lo GIMP, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Califonia bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí.

Ìpele dà bí gíláàsì tí a gbé lé orí fọ́tò. Orí gíláàsì ni a ń kun ọ̀dà sí, fọ́tò ìsàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, a ó gbé gíláàsì kúrò.

Ìbojú ni ó ń sọ ibi tí ìpele yóò hàn dé. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn aláró ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún kùn lára aṣọ, aró kò ní dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìbojú rí: ibi tí a bá kùn ní dúdú, ìpele yóò fara pamọ́, ibi tí ó funfun, yóò hàn, ibi tí ó bá ní àwọ̀ eérú, yóò hàn díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀: a kò lè fọ aró kúrò, ṣùgbọ́n a lè tún ìbojú kùn nígbàkígbà.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: FỌ́TÒ BÀBÁ

Kí a sọ pé obìnrin kan gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá láti Àjàngbádì. Ó jẹ́ íńṣì 2 sí 3, ó ti pọ́n, ikán sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan, títí kan ojú òsì. Kò sí òmíràn nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ fi skánà ya ẹ̀dà rẹ̀ ní píksẹ́lì 600 sí íńṣì kan. Èyí yóò fún un ní píksẹ́lì 1,200 sí 1,800, tí ó tó fún fọ́tò íńṣì 4 sí 6. Lẹ́yìn náà, yóò mú pípọ́n náà kúrò. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ibi tí ó ya, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti ń mú nínú aṣọ kan náà láti fi lẹ aṣọ: láti ara ògiri tí ó wà lẹ́yìn bàbá ni yóò ti mú èyí tí yóò fi dí ihò ara ògiri, láti ara agbádá ni yóò ti mú ti agbádá.

Nígbà tí ó bá wá kan ojú, kí ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ lè yá láti mú ojú ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Fọ́tò náà yóò sì dára. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá náà yóò máa wo ojú àjèjì títí ayé, àwọn ọmọ-ọmọ yóò sì gbà pé bí bàbá wọn ti rí nìyẹn. Ohun tí ó yẹ ni kí ó bi obìnrin náà bóyá ẹbí kan ní fọ́tò bàbá mìíràn lọ́wọ́. Bí kò bá sí, kí ó fi ojú ọ̀tún ṣe àwòṣe, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un, tàbí kí ó fi òjìji bo ibẹ̀. Kí ó má sì ṣe bó àwọ̀ bàbá kí ó lè dà bí òyìnbó. Bí ó bá dúdú láyé, kí ó dúdú nínú fọ́tò.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: ÀÀLÀ

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé fọ́tò ìbejì Ìlá kì í ṣe irọ́? Kì í ṣe irọ́. Bàbá àti ìyá mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó jókòó níwájú kámẹ́rà. Àwọn ni wọ́n sì bẹ ayàwòrán ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè fi rántí èyí tí ó lọ. A kò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí orúkọ padà lórí ìwé ẹ̀rí, tàbí tí ó gbé orí ẹnìkan lé ara ẹlòmíràn láti fi bà á lórúkọ jẹ́, ẹ̀tàn ni ó ṣe, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ gún régé.

Òfin pẹ̀lú kò dákẹ́. Òfin tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn inú kọ̀ǹpútà sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ yí ohun inú kọ̀ǹpútà padà, kí a lè gba ayédèrú bí ojúlówó, yóò fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 3 jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kí ó gba méjèèjì. Oníbàárà tí ó bẹ iṣẹ́ yóò ti lọ; orí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó ti bá fáìlì.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀: bí ẹni tí yóò wo fọ́tò yìí bá mọ gbogbo ohun tí mo ṣe sí i, ṣé inú rẹ̀ yóò dùn tàbí yóò bínú? Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ dára. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ tí ó sì mọ́, òun ni ará ìlú lè gbé fọ́tò òkú ọ̀run wọn fún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí a kò fi gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò àtilẹ̀wá?
2. Báwo ni ìbojú ṣe jọ ẹ̀kọ tí a fi ń ṣe àdìrẹ? Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?
3. Fọ́tò íńṣì 8 sí 10 nílò píksẹ́lì mélòó ní ìbú àti ní òró, bí íńṣì kan bá gba 300?
4. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá tiyín ni ó wà nínú fọ́tò tí ikán jẹ, kí ni ẹ ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe sí ojú òsì?