Àgbádárìgì: Ọ̀nà Òkun Tó Bẹ̀rẹ̀ Nílé Wa

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ipele kìíní ni a ti ń gbọ́ pé ẹ̀ka wa yóò kó wa lọ sí Àgbádárìgì. Bí owó kò bá pé lọ́dún yìí, ìdánwò á bọ́ sí ọjọ́ náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé ipele kẹta, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì sọ pé bí a bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ẹ̀ka, a ó ti gba ìwé ẹ̀rí kí a tó fojú kan òkun. A dá owó jọ, a sì lọ fúnra wa.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe lọ àti ohun tí ẹ ó wò. Mo sì kọ ọ́ fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, nítorí pé amọ̀nà wa bi wá ní ìbéèrè kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí dáhùn. Ìbéèrè náà kan gbogbo àwa tí a wá láti ìhà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí a ṣe lọ

Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè lọ sí Àgbádárìgì, kó rí nǹkan wò dáadáa, kó sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. A wọkọ̀ ní Tákíè láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a gba Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn lọ sí Èkó, a sì sùn sọ́dọ̀ àǹtí ọ̀kan nínú wa ní Ókókómaikò, tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé la jáde. Títì náà kò dára níbi púpọ̀, àwọn agbófinró sì ń dá ọkọ̀ dúró lemọ́lemọ́ nítorí pé ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání.

Ẹ má sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ìlú bíi tiwa ni. Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Àwórì náà sì wà láàárín wọn. Akran ni oyè ọba wọn, àdúgbò mẹ́jọ ló sì para pọ̀ di ìlú náà. Amọ̀nà wa jẹ́ bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Yorùbá ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ògù ló fi ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti igi Agia

Ibi tí a kọ́kọ́ dé ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníwàásù CMS kọ́ sí etí ọ̀sà, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ó kéré sí bí mo ṣe rò ó. Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ ni pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Oṣù Kìíní ọdún 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí wọ́n gbójú lé ti kú, ọ̀nà sì dí. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wà ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbà ní 1846. Nígbà tí Crowther dé Abẹ́òkúta ló tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n.

Igi Agia kò sí mọ́. Ó wó ní 1959, òpó ìrántí ló sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n sọ pé Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wàásù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ tiwa náà wà níbí. Oṣù Kẹjọ ọdún 1850 ni Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ gbéra, Goodale, ti kú sí Làìbéríà kí wọ́n tó dé. Bowen gba Abẹ́òkúta dé Ìjàyè, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1855. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ojoojúmọ́ ni àwọn ará ilé mi ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, mi ò sì ronú rí pé etí ọ̀sà yìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ wa.

Ilé Sèríkí Abass

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé Sèríkí Faremi Williams Abass, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú sí kí ọkọ̀ tó dé. Amọ̀nà sọ pé yàrá ogójì ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ogójì ènìyàn ni wọ́n sì ń há mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹsẹ̀ wọn èyí tí a wọ̀. Mi ò rí bí ogójì ènìyàn ṣe lè dúró síbẹ̀, ká má tíì sọ pé wọ́n dùbúlẹ̀. Bóyá iye náà rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ara mi kò gbà á láti pẹ́ nínú yàrá yẹn.

Ìtàn ẹni tó ni ilé náà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, láti Aibo ní ìhà Jógà. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú un lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n tà á, ó sì dé Bùràsíìlì. Orúkọ ọ̀gá tó rà á ni Williams tó ń jẹ́. Nígbà tó padà sílé, òwò tí wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ló dì mú. Ó di olówó, ó di Sèríkí Mùsùlùmí, ó sì kú ní 1919. Ẹni tí wọ́n tà ló padà di ẹni tó ń tà.

Ọjà Vlekete: ọdún wo ni?

Ní ọjà Vlekete, tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà tí àwọn Ògù ń bọ, amọ̀nà sọ fún wa pé ọdún 1502 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrú níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọdún yìí dáadáa ní Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n a ti kà á kí a tó lọ pé òpìtàn Robin Law, tó yẹ ìwé àwọn oníṣòwò ìgbà náà wò, fi ìdìde Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí èbúté ẹrú sí àwọn ọdún 1730, nígbà tí oníṣòwò ará Họ́láńdì kan tó ń jẹ́ Hendrik Hertogh sá wá síbẹ̀ nítorí àwọn Dàhòmì. Ohun tó wà láàárín ọdún méjèèjì lé ní igba ọdún.

Mo fi ọ̀wọ̀ bi bàbá léèrè. Kò bínú. Ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún ọ. Ìwọ lo kàwé, lọ wá a.”

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ipele kìíní fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn. Ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí inú ìwé ní láti jókòó papọ̀, kí a bi àwọn méjèèjì pé ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, kí ló sì fẹ́ kí a gbà gbọ́. Ọdún lè yẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mìíràn jẹ́ òótọ́ tí ìwé kò sọ fún wa.

Ní Gberefu

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn fún bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú oòrùn ọ̀sán. Kànga kan wà lọ́nà tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níbi tí ọ̀nà pin sí, òpó méjì ló dúró, òkun ńlá sì wà lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ibi àlọ-ì-dé.

Ọ̀kan nínú wa jókòó sórí iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Àwọn òyìnbó yìí mà ṣe wá níkà o.”

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Ìlú wo lẹ ti wá?”

A ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, sà.

“Ọmọ Aláàfin ni yín nìyẹn. Òyìnbó kò wọ igbó lọ mú ẹnikẹ́ni. Àwa la tà wọ́n fún un, a ò sì lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló tà wọ́n fún àwa?”

Kò sí ẹni tó dáhùn. Títí a fi padà dé etí ọ̀sà, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo padà dé

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìbéèrè bàbá yẹn. Ohun tí mo rí rè é.

Èkíní, Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú òwò náà nígbà tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ní ayé Aláàfin Abíọ́dún, Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo lónìí ni èbúté tí Ọ̀yọ́ fẹ́ràn jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Àgbádárìgì run ní 1784, Ọ̀yọ́ wà lẹ́yìn wọn. Ìbéèrè bàbá kì í ṣe àwàdà rárá.

Èkejì, ọ̀nà náà wà gbangba. Ìparí ọdún 1825 ni Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì ti dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìíní ọdún 1826. Nígbà tí Clapperton kú sí Sókótó tí Lander padà dé Àgbádárìgì ní 1827, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú níbẹ̀ pe òun ní amí, wọ́n sì fún òun ní májèlé mu. Kò kú. Ní 1830 òun àti àbúrò rẹ̀ John tún gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀nà tí àlejò lè tọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí Àfọ̀njá ti yapa ní Ìlọrin tí Ọ̀yọ́ Ilé sì ń wó lọ, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń kó. Crowther kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1837: bí wọ́n ṣe kó Òṣóògùn ní 1821, pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó kó wọn, àwọn Fúlàní náà sì wà níbẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ kan sí òmíràn ló fi dé Èkó, tí àwọn Potogí sì rà á, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lórí òkun ní 1822, tó gbé e lọ sí Sàró. Òṣóògùn àti Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí ni méjèèjì wà.

Mi ò sọ èyí láti gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn tó rà. Àwọn ló ní ọkọ̀, àwọn ló ń kó ìbọn àti ọtí wá, oko ìrèké wọn ní Bùràsíìlì àti Kúbà ló ń jẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà àti ẹni tí wọ́n tà, àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ilé wa jáde. Bí a bá sunkún ẹnì kan ní Gberefu, ó yẹ ká mọ̀ pé a jẹ́ ẹbí ẹnì kejì.

Ibi tó ti kàn mí gan-an ni oríkì agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n máa ń kì wá mọ́ ẹrú tí bàbá ńlá wa kó bọ̀ láti ojú ogun. Láti kékeré ni orí mi ti máa ń wú bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Mi ò béèrè rí pé níbo làwọn ẹrú náà wọlẹ̀ sí. Nígbà tí mo padà dé láti Àgbádárìgì, mo bi màmá bàbá mi. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní, “Àwọn kan di ará ilé. Àwọn tó kù, a ò gbúròó wọn mọ́.” Wọn ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì fi agídí bi wọ́n.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ

Ẹ sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì tètè jí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Gberefu kí oòrùn tó mú, kí ẹ wá fi ọ̀sán wo àwọn ilé tó wà nínú ìlú. Àwa ṣe òdì kejì rẹ̀, oòrùn sì fìyà jẹ wá. Ẹ bá amọ̀nà àti ọlọ́kọ̀ ojú omi dá iye owó kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì béèrè fún ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò nínú ilé àwọn ìdílé, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ṣì ń gbé nínú àwọn kan. Ẹ ka nǹkan kí ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, kí ẹ kọ ohun tí amọ̀nà sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí ẹ kà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agboolé yín pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa ogun àti ẹrú. Bí wọ́n bá bi yín ní Gberefu pé ìlú wo lẹ ti wá, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè fi dáhùn ju tiwa lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí agboolé tiyín bá ní ọ̀rọ̀ kan lórí èyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa yìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà.