Sáfà Kan Tí Ó Yè ní Ghánà: Ẹ̀kọ́ Lórí Pípa Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà Mọ́

Kò sí ọlọ́gbọ́n àgbẹ̀ tí yóò kó gbogbo irúgbìn àgbàdo rẹ̀ sínú aká kan ṣoṣo. Díẹ̀ yóò wà ní oko, díẹ̀ yóò sì wà lórí àjà nílé, níbi tí èéfín ti ń bá a. Bí iná bá jó oko, ti ilé yóò kù. Ọgbọ́n yìí náà ni ó yẹ kí àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà máa lò. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe é, àti lórí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó rò pé òun ti ṣe é tán.

Ní báńkì, ní ilé-ìwòsàn ńlá àti ní ọ́fíìsì ìjọba, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú akọ̀wé ni àkọsílẹ̀ ń gbé. Inú kọ̀ǹpútà àgbà kan ni, èyí tí à ń pè ní sáfà, tí àwọn yòókù ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí sáfà bá kú, akọ̀wé kò ní rí orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo. Nítorí náà ni a fi ṣe àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti da ohun tí ó wà nínú sáfà kọ sí ibòmíràn, kí wọ́n sì dá a padà ní ọjọ́ tí ìjàǹbá bá dé. Nígbà púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ kọ. Ní àwọn alẹ́ yòókù, kìkì ohun tí ó yí padà ni wọ́n ń mú.

Ilé-iṣẹ́ tí à ń wí ni Maersk ti ilẹ̀ Denmark, tí àwọn ọkọ̀ òkun rẹ̀ ń kó kòǹténà káàkiri ayé. Àwọn ará Èkó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ kan ni ó gba iṣẹ́ èbúté kòǹténà Àpápá ní ọdún 2006. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní NotPetya wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ Ukraine ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣebi ti fi í pamọ́ sínú ètò ìṣirò owó kan tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ń lò, ètò náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì Maersk ní ìlú Odessa. Kòkòrò náà ń díbọ́n bí ẹni pé owó ìràpadà ni òun ń béèrè, ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ó lè ṣí ohun tí ó bá ti tì. Kò pẹ́ rárá tí ojú àwọn kọ̀ǹpútà fi ṣókùnkùn. Ní èbúté kan ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ bẹẹrẹ lẹ́nu géètì, kò sì sí ọ̀nà láti gbà wọ́n wọlé.

Maersk kò ṣàìní àdàkọ. Àdàkọ ọ̀pọ̀ sáfà wà, tí wọ́n ti ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta sí méje ṣáájú. Ohun tí wọn kò rí ni àdàkọ àwọn sáfà tí a lè pè ní oníbodè: àwọn tí ó mọ orúkọ olúkúlùkù òṣìṣẹ́, tí ó mọ ẹni tí ó lè wọlé àti ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ. Láìsí oníbodè, àwọn sáfà yòókù kò ṣeé lò. Nǹkan bí 150 ni wọ́n ní kárí ayé, gbogbo wọn ni ó sì ń fi ohun tí ó wà nínú wọn ránṣẹ́ sí ara wọn, pẹ̀lú èrò pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn ìyókù yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Èrò yìí dára fún ìjàǹbá tí ń bá ibì kan ṣoṣo, bí iná tàbí olè. Ṣùgbọ́n okùn tí ó so wọ́n pọ̀ gan-an ni kòkòrò náà tọ̀, ó sì pa wọ́n run lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi ọ̀kan.

Ọ̀kan yìí wà ní Ghánà. Kí kòkòrò tó dé ni iná mànàmáná ti lọ níbẹ̀, sáfà náà kò sì sí lórí okùn mọ́. Iná tí ó lọ, tí gbogbo wa máa ń ráhùn sí, ni ó kó ilé-iṣẹ́ náà yọ! Àwọn tí ń ṣe àtúnṣe ní Maidenhead, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ gba àkọsílẹ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹrù pọ̀, ọ̀nà sì tóóró. Ọjọ́ púpọ̀ ni ìbá gbà. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ Ghánà kan gbé e wá, kò sí ẹni tí ó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn. Ni ọ̀kan bá wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi í lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹni yìí ni ó sì gbé e dé Heathrow.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, alága ilé-iṣẹ́ náà sọ ní Davos pé 4,000 sáfà àti 45,000 kọ̀ǹpútà ni àwọn tún tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Maersk ṣírò àdánù rẹ̀ sí mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Òfin àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ni pé kí àkọsílẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ti fi kún un pé kí ọ̀kan wà tí a yọ kúrò lórí okùn pátápátá. Ó tún ku ìdánwò, èyí tí àwọn ènìyàn kì í ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017 kan náà, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Nígbà tí wọ́n wá àdàkọ, wọ́n rí i pé èyí tí ẹ̀rọ yẹ kí ó máa ṣe kò ṣe é, ìkìlọ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àdàkọ kan tí òṣìṣẹ́ ti ṣe fún iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n fi gbé e dìde; ti wákàtí mẹ́fà náà kò padà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè ṣe èyí láìná owó púpọ̀. Kí ó da ìwé ẹgbẹ́ kọ sínú fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì yọ fláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà bí ó bá ti ṣe tán. Kí ó fi í sí ilé akápò, kì í ṣe inú àpótí kọ̀ǹpútà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn níwájú akápò, kí àwọn méjèèjì mú orúkọ mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi iye owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ wé ti inú káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà.