Má Jẹ́ Kí Ọwọ́ Méjì Tọ́jú Dráífà Kan

Ọmọ mi, bí o bá tan kọ̀ǹpútà rẹ láàárọ̀, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìlà funfun kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, mo mọ ohun tó máa wá sí ọ lọ́kàn: kí o pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí o tún fi Ubuntu sí i láti ìpìlẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é rí, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sì bá a lọ. Ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà kò ju dráífà káàdì NVIDIA tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà lọ, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo sì fi bà á jẹ́.

Apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń kó ètò wọlé, ló bá mi fi dráífà náà sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo wá gbọ́ pé nọ́ńbà tó ga ju tèmi lọ ti jáde, ara mi ò gbà á. Mo wa fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .run láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi í lé orí èyí tó wà nílẹ̀. Apt kò mọ̀ pé àlejò wọlé. Nígbà tó tún gbé àtúnṣe tirẹ̀ dé, ó kó o lé àwọn fáìlì tí .run ti tò sílẹ̀ lórí: ìdajì tibí, ìdajì tọ̀hún. Ọba méjì kì í jẹ nílùú kan. Bí ó bá jẹ́ apt ni o fi bẹ̀rẹ̀, apt ni kí o máa bá lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé dráífà NVIDIA kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Apá kan ń wọ inú kernel, ìpìlẹ̀ tí Linux dúró lé; apá yìí ló ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Apá kejì ni àwọn fáìlì tí Blender, géèmù àti CUDA ń ké pè. Nọ́ńbà apá méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu régí. Bí àtúnṣe bá wọlé tí o kò tíì pa kọ̀ǹpútà kí o tún un tàn, apá ti kernel tó wà nínú mẹ́mórì ṣì jẹ́ ti àná, èkejì ti di tòní. Bí o bá wá tẹ nvidia-smi, yóò sọ fún ọ pé "Driver/library version mismatch". Mo ti rí àwọn ọmọ tó lo odindi òru kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tún kọ̀ǹpútà tàn, ó parí.

Apá ti kernel yìí, kernel kan pàtó ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ubuntu máa ń kọ́ ọ sílẹ̀ fún àwọn kernel tirẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí bẹ́ẹ̀, bíi lórí Debian, DKMS tí ilé iṣẹ́ Dell dá sílẹ̀ ló ń tún un kọ́ nígbàkígbà tí kernel tuntun bá dé. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ láìsí linux-headers ti kernel yẹn. Tẹ uname -r, kí o tẹ dkms status, kí o wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí Secure Boot bá sì wà ní títàn, tí ojú kọ̀ǹpútà aláwọ̀ búlúù kan yọ nígbà tí o tún un tàn, má kọjá rẹ̀. "Enroll MOK" ni kí o yàn, kí o tẹ páásíwọ̀ọ̀dù tí o dá nígbà tí o ń fi dráífà sí i. Bí o bá fò ó, kernel kò ní gba dráífà náà wọlé.

Ti nọ́ńbà gíga ńkọ́? Káàdì rẹ ni kí o bi, má bi ọ̀rẹ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń rà nílé níbí ló ní káàdì tó ti dàgbà. Àwọn káàdì Fermi dúró sí 390, Kepler dúró sí 470, Maxwell àti Pascal sì dúró sí 580. Èyí tó ju ìyẹn lọ kò ní dá wọn mọ̀. Àwọn modulu kernel (ìyẹn apá ti kernel) tí NVIDIA ṣí kóòdù wọn sílẹ̀ ní 2022, láti Turing sókè ni wọ́n wà fún. Tẹ ubuntu-drivers devices. Yóò dárúkọ káàdì rẹ, yóò sì kọ "recommended" sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yẹ ẹ́. Bí káàdì rẹ bá jẹ́ ti Intel tàbí AMD, inú kernel àti Mesa ni tirẹ̀ wà, fi ọkàn rẹ balẹ̀.

Bí ọjọ́ tí o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ bá ti sún mọ́lé, fi apt-mark hold so dráífà àti kernel pọ̀ síbi tí wọ́n wà. Má so ọ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, tú wọn, nítorí ohun tí o bá so kò ní gba àtúnṣe ààbò. Má sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan láìsí iná nínú bátìrì. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, sudo dpkg --configure -a ni yóò bá ọ parí rẹ̀.

Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà bá sì dúdú, tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, kí o wọlé. Bí kò bá gbà, yan kernel àtijọ́ lábẹ́ "Advanced options" nínú GRUB, àkójọ tó máa ń yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Ka /var/log/apt/history.log, yóò sọ ohun tó wọlé àti wákàtí tó wọlé fún ọ. Bí o bá ti fi .run sí i rí, sudo nvidia-uninstall ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà, sudo apt purge '^nvidia-.*' '^libnvidia-.*', ka orúkọ àwọn ohun tó fẹ́ yọ kí o tó gbà. Nouveau, dráífà tó ti wà nínú kernel láti 2010, ni yóò máa gbé àwòrán wá fún ọ títí tí sudo ubuntu-drivers install yóò fi ṣiṣẹ́ tán.

Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi báyìí. Ọjọ́, nọ́ńbà kernel, nọ́ńbà dráífà, bóyá ojú rẹ̀ là lẹ́yìn tí mo tún un tàn: ohun tí mo máa ń kọ síbẹ̀ nìyẹn, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ra tìrẹ lónìí.