Ọjọ́ Mẹ́ta Tó Wà Lára Ìwé: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Pọ̀ Mọ́ Ìtàn

Ẹ̀kọ́ tí ó so èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn pọ̀ fún oyè kan ṣoṣo kì í ṣe ibùsọ̀ fún ẹni tí kò mọ èyí tí òun fẹ́ nínú méjèèjì, bí àwọn kan ti máa ń sọ ọ́ nínú ọgbà yunifásítì. Ẹ̀kọ́ kan ni tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ náà sì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé kan dání, kí ó mọ bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì tún mọ ohun tí ìwé náà lè jẹ́rìí sí àti ohun tí kò lè jẹ́rìí sí láéláé. Yunifásítì Oxford ní irú oyè bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tí yóò di tíṣà ti ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ìtàn fún ìwé-ẹ̀rí NCE ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní Nàìjíríà. Bí a ṣe ń ka ewì, bí a ṣe ń ka ìwé ìtàn àròsọ, bí a ṣe ń wá ìwé nínú láíbìrì, àwọn wọ̀nyí kò sí lára ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ó ti dé ọdún kejì ti mọ̀ wọ́n.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kọ láìpẹ́ yìí lórí òwò ẹrú ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ gbóṣùbà fún débi pé wọ́n ní kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dán, ó já gaara, ó sì dùn ún kà. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ náà dé orí lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther fi sọ bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ sílẹ̀ ni pé èyí ni èrò ọkàn ọmọdékùnrin ará Òṣoògùn kan ní 1821, lọ́dún tí ogun kó ìlú náà. Kò sí olùkọ́ kan tí ó bi í léèrè bí ọmọ tí kò tíì fojú kan ìwé rí ṣe kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó hàn gbangba pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fojú ara rẹ̀ rí lẹ́tà yìí láti òkè délẹ̀. Gbólóhùn díẹ̀ tí ẹlòmíràn ti gé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó rí, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i ká, wọ́n sì pe ọ̀nà àbùjá náà ní òye.

Ìgbésẹ̀ tí a fò níbẹ̀ kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ, síbẹ̀ òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ ẹni tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Gbogbo ìwé tí ó bá sọ nípa ohun tí ó ti kọjá ni ó ní ọjọ́ mẹ́ta lára: èkíní ni ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ohun tí ìwé náà ń ròyìn ṣẹlẹ̀ gan-an, èkejì ni ọjọ́ ìkọ̀wé, ìyẹn ìgbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ jókòó tì í, pẹ̀lú ọjọ́ orí, ipò, ẹ̀sìn àti ìpayà tí ó wà lára rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀kẹta ni ọjọ́ ìtẹ̀jáde, ìyẹn ìgbà tí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹkàwé, pẹ̀lú gbogbo ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀ka ìtàn sábà máa ń tẹnu mọ́ èkíní, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń wo èkejì fìrí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè nínú méjèèjì kò ní àwáwí kankan láti fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta yìí kan lẹ́tà Crowther, gbogbo rẹ̀ á yí padà lójú ẹni tí ń kà á. Ọdún 1821 ni ogun wọ Òṣoògùn, tí wọ́n sì kó ọmọdékùnrin náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀; wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun, ọkọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n kó o sí ní 1822 kí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lójú omi, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 1837 ni ó kọ lẹ́tà náà ní Fourah Bay, ní Sàró, sí àlùfáà William Jowett, tí ó jẹ́ akọ̀wé CMS, ìjọ ajíhìnrere ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1842 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde, gẹ́gẹ́ bí àfikún sí ìwé ìrìn-àjò tí òun àti James Frederick Schön kọ lẹ́yìn ìrìn-àjò odò Ọya ti 1841, èyí tí ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú rẹ̀.

Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yẹn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Géńdé ọkùnrin ni, ó ti ṣe ìrìbọmi láti 1825, ó ti di olùkọ́, ẹni tí ó sì ń kọ̀wé sí jẹ́ ọ̀gá nínú ìjọ tí ó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó wá pe ọjọ́ tí wọ́n kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́ tí ó tún jẹ́ ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé ọjọ́ náà ni Ọlọ́run fi mú un kúrò nínú ìbọ̀rìṣà, ìdájọ́ 1837 ni ó ń ṣe lórí ìrora 1821. Ọmọdékùnrin tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn, tí ó ń wo iná bí ó ti ń jó ilé bàbá rẹ̀, kò lè ní èrò yẹn lọ́kàn, nítorí pé kò tíì gbọ́ nípa ìjọ kankan tí yóò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ lítíréṣọ̀ á rí i pé ohùn méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà kan náà, ohùn ọmọ tí ó ń rántí àti ohùn olùkọ́ tí ó ń túmọ̀ ìrántí náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn á sì lè sọ ìdí tí ohùn kejì fi lágbára tó bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ìjọ fi rí i pé ó yẹ kí àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní 1842, nígbà tí wọ́n ń wá ìdí láti má ṣe pa iṣẹ́ odò Ọya tì. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jùlọ nínú lẹ́tà náà ni àwọn ibi tí ohùn ọmọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ohùn olùkọ́, irú bí ìgbà tí wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n gbóṣùbà fún yẹn kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó pa ohùn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ó sì fi ẹnu àgbàlagbà sọ̀rọ̀ fún ọmọdé, lẹ́yìn náà ni ó wá pe ohun tí ó jáde ní ẹ̀rí.

Òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí kọ́ bí a ti ń bi ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Bàbá nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì hu ewú kan. Bàbá kì í gbé ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó sì dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Yóò ká orí ìwé náà sẹ́yìn, níbi tí déètì àti àdírẹ́sì wà, yóò ká ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti fọwọ́ sí i, yóò fi pín-ìnnì há a, kí ó tó gbé e sórí tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ohun tí ó kù láàárín, yóò sì sọ ìgbà tí a kọ ọ́, ẹni tí a kọ ọ́ sí àti ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó jọ bí ẹni pé ọdún báyìí ni, Bàbá á ní kí ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Lẹ́tà kan wà nínú àwọn tí ó máa ń lò, tí ẹni tí ó kọ ọ́ ń ráhùn nípa owó ilé, tí ó dárúkọ pọ́n-ùn àti ṣílè, tí ó ní kí wọ́n kọ̀wé sí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó sì wá sọ, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, pé àwọn ará àdúgbò ti ń lọ sílé ẹnìkan lálẹ́ láti wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì á máa pariwo ṣílè, nítorí pé 1973 ni náírà rọ́pò rẹ̀; díẹ̀ nínú wọn á rántí pé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti kógbá wọlé ní 1967; ẹni tí ó bá mọ̀ pé 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni yóò fi ìka lé ibi tí ó yẹ. Nígbà náà ni Bàbá á yọ pín-ìnnì, tí kò ní sọ nǹkan kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì fojú ara rẹ̀ rí déètì.

Bàbá kan náà ni ó máa ń kó wọn lọ sí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba, tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí akitiyan òpìtàn Kenneth Onwuka Dike bí ní 1954. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú gègé oníyíǹkì wọ inú iyàrá ìkàwé ibẹ̀, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà láàyè, àwọn fáìlì ìjọba àmúnisìn á sì máa rùn bí ìwé tí eruku ti jọba lé. Àárín fáìlì kọ́ ni Bàbá ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò bí kò ṣe etí ìwé, níbi tí ajẹ́lẹ̀ kan ti kọ èrò rẹ̀ ní yíǹkì kan, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti fi yíǹkì mìíràn tako ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwé kan náà ni, ọjọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ pọ̀, ẹni tí ó bá sì kà á bí ohùn ẹnìkan ṣoṣo ti ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé náà kọjá lójoojúmọ́ báyìí láìwọlé rí, bẹ́ẹ̀ ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni láti kíláàsì wọn.

Ìwé tí Samuel Johnson kọ lórí ìtàn Yorùbá tún fi hàn pé ọjọ́ ìtẹ̀jáde nìkan tó láti da iṣẹ́ rú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ 1921 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Johnson, tí wọ́n á sì máa ṣàlàyé ìwé náà bí ẹni pé ìgbà ìjọba Lugard àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó bí i. Johnson ti kú láti 1901. Ó ti parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó padà fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù tún un kọ, àwọn Jámánì tún gba ọkọ̀ tí wọ́n fi kó o lọ ní 1916, kí ó tó di pé a rí i tẹ̀ ní 1921. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ogun Kírìjì nínú ìwé yẹn jẹ́ ẹni tí ó ṣe alárinà láàárín àwọn ajagun ní 1886, tí ó rí àwọn ibùdó ogun, tí ó sì ń kọ̀wé nígbà tí ogun náà kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ tí ó parí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn tún ti gba orí ìwé náà kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí kò bá bi ìwé yìí ní ìbéèrè mẹ́ta kò lè mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ti eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká lórí ẹlẹ́ṣin ọba, tí ó jáde ní 1975, yá ju èyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ pé 1946 ni ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ tí òun gbé eré náà lé, àti pé òun mú un sẹ́yìn díẹ̀ nítorí iṣẹ́ orí ìtàgé. Àmọ́ oṣù Kejìlá 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà, ìbẹ̀rẹ̀ 1945 sì ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin tí ó yẹ kí ó bá ọba kú náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé ṣì ń jà. Ìyẹn kò dín iyì eré náà kù rárá, nítorí pé òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti sún ọjọ́; akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ ìtàn ni kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣàdàkọ 1946 sínú iṣẹ́ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó sì yẹ kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé Dúró Ládiípọ̀ ti gbé ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà sórí ìtàgé nínú Ọba Wàjà ní 1964, kí ó lè fi ọjọ́ ìkọ̀wé méjèèjì wéra.

Àwọn olùkọ́ ni wọ́n jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì á wo èdè iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ̀ka ìtàn á wo kókó rẹ̀, oníkálukú á sì gbà pé ẹnìkejì ti yẹ àwọn ìwé tí a fi jẹ́rìí wò, nígbà tí kò sí ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò nínú àwọn méjèèjì. Ó tọ́ kí wọ́n jókòó pọ̀ sídìí tábìlì kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìwé tí ó fi jẹ́rìí síwájú wọn, ní odindi, kì í ṣe àyọkà, kí ìbéèrè lórí ọjọ́ mẹ́ta sì ṣíwájú ọ̀rọ̀ lórí ẹwà èdè. Ẹni tí ó bá dáhùn, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀, a lè tún un ṣe fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ sílé títí di ọdún tí ń bọ̀, ìbáà jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ti ra aṣọ ẹbí ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè sílẹ̀.