Iṣu àti Kókò Lábẹ́ Igi Kòkó

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa ní Ṣúpárè bá fẹ́ gbin oúnjẹ sí ibòòji igi kòkó, kókò ni kí ó gbìn (èyí tí à ń jẹ ni a wí, kì í ṣe kòkó tí à ń tà). Iṣu ń fẹ́ oòrùn àti ọ̀pá tí yóò gùn. Nínú ibòòji kì í ta dáadáa, èèbù a sì ṣòfò. Ilẹ̀ tútù ni kókò ń fẹ́, kò bèèrè ọ̀pá. Ó yẹ opó tí kò ní alágbára nílé. Àwọn Kristẹni láti Jàmáíkà ni wọ́n mú irú rẹ̀ kan dé Gold Coast, tí í ṣe Ghana nísinsìnyí, ní 1843. Ẹ sè é jinná, kí ó má baà yún yín lọ́fun. Ẹ má sì kó o pamọ́ bí iṣu: iye tí ẹ ó jẹ ni kí ẹ wà, nítorí a máa tètè rà.