Owó Ìrànwọ́ Lórí Iná Oòrùn: Ọwọ́ Ta Ni Ó Ń Bọ́ Sí?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń béèrè: àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ń sọ pé ìjọba ibẹ̀ a máa ran ẹni tí ó bá gbé sólà sí orí òrùlé lọ́wọ́, kí ló dé tí tiwa kò fi rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà láìpẹ́. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń dín owó orí kù fún ẹni tí ó bá ra sólà fún ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2022, wọ́n fi í sí ìdá 30 nínú 100 owó tí ènìyàn ná. Ẹni tí ó bá ná 20,000 dọ́là, owó orí rẹ̀ yóò fi 6,000 dọ́là dín. Ẹ kíyè sí i: ìjọba kò ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ènìyàn ní láti kọ́kọ́ wá 20,000 náà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó jẹ ìjọba ní owó orí. Opó tí owó orí kò kàn kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí i: owó tí a bá ná sórí ilé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025 kò ní ìdínkù yìí mọ́. Àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ gùn díẹ̀ ju ti onílé lọ. Bí ọmọ yín bá ṣì ń dárúkọ ìdá 30 yẹn fún ilé tuntun, ìròyìn àná ni.

Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2000 wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn oníná máa ra iná tí sólà ará ìlú bá mú wá, ní iye tí a ti dá fún 20 ọdún. Èyí ni ó wù wá jù, nítorí ẹni tí ó fẹ́ yá owó lè mú àdéhùn náà lọ sí báńkì, báńkì yóò sì mọ ibi tí owó òun yóò ti padà wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2010. Pẹ́nsì 41.3 ni wọ́n kọ́kọ́ ń san lórí yúníìtì kan fún sólà kékeré orí ilé. Àwọn ènìyàn rọ́ wọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gé e sí pẹ́nsì 21 ní 2012, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tuntun lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2019. Orí owó iná gbogbo ará ìlú ni wọ́n bu ìnáwó náà lé, àti ẹni tí ó kọ́lé àti ẹni tí ó háyà yàrá kan. Ìyẹn ni a kò fi lè yìn ín tán.

Ní ti Nàìjíríà, owó ìrànwọ́ tí a mọ̀ jù ni ti bẹtiróòlù tí a ń dà sínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé ó ti tán, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta omi tútù àti ẹ̀yin aránṣọ, ẹ kò nílò olùkọ́ láti sọ ìyókù.

Sólà ní owó ìrànwọ́ tirẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wa kì í rí i. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 350 mílíọ̀nù dọ́là owó yíyá fún ètò iná ní 2018, ó sì tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù ní oṣù Kejìlá 2023 fún èyí tí wọ́n ń pè ní DARES. REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún iná ìgbèríko, ni ó ń bójú tó o. Nínú ètò sólà ilé, iléeṣẹ́ tí ó ń tà á ni wọ́n ń san owó fún, kì í ṣe onílé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti tàn ní ilé oníbàárà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wá sí ìpàdé yín pé kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí ìjọba lè dá owó sólà padà fún yín, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tú etí aṣọ.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù ni sísan díẹ̀díẹ̀. Iléeṣẹ́ a gbé sólà wá, ènìyàn a máa san lóṣooṣù. Bí kò bá san, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a pa iná títí yóò fi san. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ ìṣirò yìí. Ẹ ro gbogbo owó tí ẹ ó san títí dé òpin pọ̀, ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́jà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó bá lé ni èlé. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń gba owó ìrànwọ́, ó yẹ kí ó hàn nínú iye tí wọ́n pè fún yín. Ẹ bi wọ́n, kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa bátìrì pẹ̀lú, nítorí pánẹ́ẹ̀lì lè lo 25 ọdún ṣùgbọ́n bátìrì kì í bá a débẹ̀. Kí ẹ má baà máa san gbèsè lọ nígbà tí bátìrì ti kú. Ẹni tí ó bá ti gba ìwé àdéhùn, kí ó mú un wá sí ìpàdé kí ó tó fọwọ́ sí i, a ó jọ kà á.