Iná, Ìtaari àti Ìdíwọ́: Èdè-Ìperí fún Ìṣirò Àyípo Iná Mànàmáná

1. Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iná, ni ó ń ru ẹrù ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Bí gílóòbù bá ń tàn, iná wà. Bí ilé bá ṣókùnkùn, iná ti lọ. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan wáyà tí ó sì ṣe é léṣe, iná ni ó gbé e. Bí fáànù bá ń yí jẹ́jẹ́, iná kò lágbára. Bí ìwé gbèsè bá dé ní òpin oṣù, owó iná ni. Kò sí ẹni tí èyí ń ṣì lọ́nà nínú ilé, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ ni ó ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà wọ inú ìṣirò yóò rí i pé ohun tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ara wọn ni a dì pọ̀ sínú àpò kan.

Iṣẹ́ lórí fífi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, àyàfi ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1984 ni èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde. Ìdánwò tí èdè-ìperí ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yege tún le díẹ̀ sí i: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbára lé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí ó ń ṣírò, ǹjẹ́ ìdáhùn rẹ̀ yóò tọ̀nà? Ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ṣùgbọ́n tí ó ń darí ìṣirò sí ibi tí kò tọ́ kò yẹ ní èdè-ìperí.

2. Ìtaari, ìṣàn àti ìdíwọ́

Táǹkì omi tí a gbé sórí òpó gíga lẹ́yìn ilé jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó rọrùn. Gíga tí táǹkì náà ga ni ó ń taari omi wá sílẹ̀. Omi tí ó ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ìṣàn. Tínrín tí páìpù tínrín ni ó ń dí omi lọ́wọ́. Bí a bá ti ẹnu páìpù pa, omi kò ní ṣàn mọ́, ṣùgbọ́n ìtaari ṣì wà níbẹ̀. Bákan náà ni bátìrì tí ó wà lórí tábìlì: ó ní ìtaari, bí a kò tilẹ̀ so wáyà kankan mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń pe ìtaari àti ìṣàn ní iná kò lè sọ gbólóhùn yìí láìtako ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó pọn dandan nígbà náà:

Ìtaari (àmì rẹ̀ ni V, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni fóòtì). Láàárín ojú ibi méjì ni a ti ń wọ̀n ọ́n.

Ìṣàn (àmì rẹ̀ ni I, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni áńpíà). Ojú ibi kan ni ó ń gbà kọjá.

Ìdíwọ́ (àmì rẹ̀ ni R, òṣùwọ̀n rẹ̀ ni óòmù, tí a ń kọ báyìí: Ω). Ohun èlò tí a ṣe nítorí ìdíwọ́ ni adíwọ́.

Àwọn kan lè fẹ́ pe V ní agbára. Èyí kò dára, nítorí pé agbára ní iṣẹ́ mìíràn tí yóò ṣe níwájú. Àwọn kan sì lè fẹ́ pe R ní ìdènà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a bá dí kò ṣeé gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni adíwọ́ ń jẹ́ kí iná kọjá, níwọ̀n tí ó mọ. Kí a fi ìdènà sílẹ̀ fún rọ́bà tí a fi ń bo wáyà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí iná kọjá rárá. Ìdíwọ́ àti adíwọ́ tún ní àǹfààní kan: láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ti rí orúkọ ohun tí à ń wọ̀n àti orúkọ ohun èlò tí a ń lò.

Orúkọ àwọn òṣùwọ̀n kò nílò ìtumọ̀, nítorí orúkọ ènìyàn ni wọ́n: Alessandro Volta ará Ítálì, André-Marie Ampère ará Faransé, àti Georg Simon Ohm ará Jámánì. Sípẹ́lì nìkan ni a yí padà sí ti Yorùbá. Àwọn àmì V, I àti R pẹ̀lú kò yí padà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ìwé láti ibikíbi.

3. Òfin Ohm

Ní ọdún 1827 ni Ohm tẹ ìwé tí ó ṣe àlàyé òfin yìí jáde. Òfin náà ni pé, bí ìgbóná adíwọ́ kan kò bá yí padà, ìṣàn inú rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà tí ìtaari fi ń pọ̀ sí i. Báyìí ni a ń kọ ọ́:

V = I × R

Bí a bá so adíwọ́ 4 Ω mọ́ bátìrì 12 V, ìṣàn yóò jẹ́ 12 ÷ 4, èyí tí í ṣe 3 A. Bí a bá fi adíwọ́ 8 Ω rọ́pò rẹ̀, ìṣàn yóò di 1.5 A. Ìdíwọ́ pọ̀ ní ìlọ́po méjì, ìṣàn sì dín sí ìdajì. Ìtaari bátìrì kò yí padà.

4. Ìsopọ̀ atẹ̀léra

Ọ̀nà tí iná ń gbà jáde lára bátìrì, tí ó fi ń padà sí ara bátìrì kan náà, ni à ń pè ní àyípo. Bí àyípo bá já níbì kan, kò sí ìṣàn mọ́. Nínú ìsopọ̀ atẹ̀léra, àwọn adíwọ́ tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì wà fún ìṣàn. Nítorí náà ìṣàn kan náà ni ó ń gba inú gbogbo wọn kọjá, ìtaari ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn.

Àpẹẹrẹ: adíwọ́ 2 Ω, 4 Ω àti 6 Ω wà ní atẹ̀léra lára bátìrì 12 V.

Ìdíwọ́ arọ́pò = 2 + 4 + 6 = 12 Ω
Ìṣàn = 12 ÷ 12 = 1 A
Ìtaari orí ọ̀kọ̀ọ̀kan = 2 V, 4 V àti 6 V

Bí a bá ro ìtaari mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 12 V ti bátìrì ni yóò jáde. Gustav Kirchhoff gbé òfin yìí kalẹ̀ ní ọdún 1845, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí ó sọ pé iye ìṣàn tí ó bá wọ oríta ni yóò jáde níbẹ̀.

A lo ìdíwọ́ arọ́pò dípò ìdíwọ́ àpapọ̀ nítorí ohun tí ó ń bọ̀ ní ìpín kárùn-ún. Arọ́pò ni adíwọ́ kan ṣoṣo tí a lè fi rọ́pò gbogbo wọn, tí bátìrì kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

5. Ìsopọ̀ ẹlẹ́ka

Nínú ìsopọ̀ ẹlẹ́ka, ọ̀nà pín sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oríta kan, àwọn ẹ̀ka náà sì tún pàdé ní oríta kejì. Ìtaari kan náà ni ó wà lórí gbogbo ẹ̀ka, ìṣàn ni wọ́n ń pín.

Ó lè wu atúmọ̀ láti pe èyí ní ìsopọ̀ ọ̀gbọọgba, bí ẹni tí ń sọ nípa ìlà méjì tí ó fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í pàdé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka gbọ́dọ̀ pàdé. Èkejì ni ó léwu jù: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ọ̀gbọọgba yóò pín ìṣàn ní dọ́gbadọ́gba.

Àpẹẹrẹ: adíwọ́ 6 Ω àti 3 Ω wà ní ẹlẹ́ka lára bátìrì 12 V.

Ìṣàn ẹ̀ka kìíní = 12 ÷ 6 = 2 A
Ìṣàn ẹ̀ka kejì = 12 ÷ 3 = 4 A
Ìṣàn bátìrì = 2 + 4 = 6 A
Ìdíwọ́ arọ́pò = 12 ÷ 6 = 2 Ω

Ẹni tí ó pín in ní dọ́gbadọ́gba yóò kọ 3 A sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, yóò sì kùnà ní ẹ̀ka méjèèjì. Arọ́pò náà, 2 Ω, kéré sí adíwọ́ tí ó kéré jù nínú àwọn méjèèjì. Ta ni yóò gba èyí gbọ́ bí a bá pè é ní àpapọ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bá èrò jáde ní ọjà mọ̀ pé bí a bá ṣí ẹnu ọ̀nà kejì, bí ó tilẹ̀ há, èrò yóò tètè jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òfin arọ́pò ni:

1/R = 1/R₁ + 1/R₂

6. Ìsopọ̀ alápòpọ̀

Bátìrì 24 V ń taari ìṣàn gba inú adíwọ́ 4 Ω, lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà pín sí ẹ̀ka 6 Ω àti ẹ̀ka 12 Ω. Ẹ̀ka ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ yanjú: 1/6 + 1/12 = 3/12, arọ́pò wọn sì jẹ́ 4 Ω. Arọ́pò yìí wà ní atẹ̀léra pẹ̀lú 4 Ω àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8 Ω. Ìṣàn bátìrì jẹ́ 24 ÷ 8 = 3 A. Adíwọ́ àkọ́kọ́ gba 3 × 4 = 12 V, ó ku 12 V fún àwọn ẹ̀ka. Ìṣàn wọn jẹ́ 2 A àti 1 A, èyí tí ó jẹ́ 3 A ní àròpọ̀.

7. Agbára àti okun

Agbára (P) ni ìwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Wáàtì, tí a fi sọ orí James Watt, ni òṣùwọ̀n rẹ̀. P = V × I. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, agbára bátìrì jẹ́ 24 × 3 = 72 W; ti àwọn adíwọ́ jẹ́ 36 W, 24 W àti 12 W, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72 W. Bí àròpọ̀ yìí kò bá bá ti bátìrì mu, àṣìṣe wà níbì kan.

Okun ni agbára tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀. Okun ni a ń san owó rẹ̀ ní òpin oṣù, ní kílówáàtì-wákàtí. Òǹtẹ̀wé kò gbọdọ̀ yọ àmì ohùn kúrò, nítorí okun, okùn àti òkun kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nígbà tí ìtaari bá lọ sílẹ̀, àwọn ènìyàn a máa sọ pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá. Kí a wo áyọ́ọ̀nù 1000 W tí a ṣe fún 230 V. Ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ 52.9 Ω. Bí ìtaari bá di 115 V, ìṣàn náà yóò dín sí ìdajì, 2.17 A. Ṣùgbọ́n agbára yóò di 115 × 2.17, nǹkan bí 250 W, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́rin péré. Ẹni tí ó pe ìtaari ní agbára yóò retí 500 W.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ìdánwò nìkan. Bí ẹnì kan bá so áyọ́ọ̀nù 1000 W, kẹ́tùlù 2000 W àti sítóòfù 1500 W mọ́ ẹ̀kìsìténṣọ̀n kan, ẹ̀ka mẹ́ta ni ó so. Ìdíwọ́ arọ́pò wọn lọ sílẹ̀ di nǹkan bí 11.8 Ω, ìṣàn inú wáyà ẹ̀kìsìténṣọ̀n sì di nǹkan bí 19.6 A. Fíúùsì 13 A tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì lè já. Bí ẹnì kan bá ti fi wáyà lásán rọ́pò fíúùsì náà, wáyà ẹ̀kìsìténṣọ̀n ni yóò gbóná, ilé sì lè jó. Ẹni tí ó gbà pé ohun tí a so pọ̀ ń fi kún ìdíwọ́ ni gbogbo ìgbà kò ní rí ewu náà kí ó tó dé.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni èdè-ìperí ṣe jẹ́ ìjánu fún èrò akẹ́kọ̀ọ́. Iná kò ní kúrò lẹ́nu ará ilé, kò sì yẹ kí ó kúrò. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, kí olùkọ́ máa bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dárúkọ iná pé: ìtaari ni, tàbí ìṣàn, tàbí agbára, tàbí okun? Kí ó sì ní kí ó fi ẹnu sọ ìlà ìṣirò kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá kí ó tó kọ èsì rẹ̀: ìtaari láàárín ibo sí ibo, ìṣàn tí ó gba inú kí ni kọjá, adíwọ́ wo ni arọ́pò yìí rọ́pò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun tí ó ń ṣírò.